Bí Bọ́ọ̀lù Ṣe Di Iṣẹ́ fún Mi

Nínú iṣẹ́ tí mo ṣe, ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ti di àgbà. Ẹni tó bá sì ń súnmọ́ ogójì, wọn á máa bi í léèrè ohun tó tún ń wá nínú pápá. Ìdí nìyẹn tí mo fi di ẹni ìfẹ̀yìntì nígbà tí Dèjì ọkọ mi, tó jẹ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba promotion. Tí mo bá sọ fún àwọn èèyàn wa níbí ní Calgary pé mo ti retire, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, "Retire kẹ̀? Iṣẹ́ wo lẹ ṣe?" Tí mo bá ní bọ́ọ̀lù ni mo gbá ní England, pé striker ni mí, àwọn mìíràn á rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ìparí high school, tí àwọn òbí yín ń bi yín lójoojúmọ́ pé kí lẹ fẹ́ fi ayé yín ṣe, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí fún. Mi ò ní sọ pé kí ẹ ṣe bí mo ti ṣe. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ kan ṣe rí láti inú, torí pé ohun tí ẹ ń rí lórí phone yín kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

London ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Daddy mi ti kú, Mummy sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kò sí ẹni tó máa dúró tì mí. Ọ̀dọ̀ Màmá yẹn ni mo ti gbọ́ Yorùbá tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò máa ń to òkúta méjì síbí, méjì sọ́hùn-ún, wọ́n á ní monkey post nìyẹn. Mo wọ àárín wọn lọ́jọ́ kan tí èèyàn ò pé. Nígbà tó yá, tí mi ò bá tíì dé, wọn kì í bẹ̀rẹ̀. Màmá ò bínú sí i. Ohun tó ń béèrè kò ju pé ṣé mo ti pọn omi.

Mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí Mummy tó ní kí n padà wá. Ní ilé ìwé tí mo wọ̀ ní London, àwọn ọmọkùnrin ní tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n ò sì fẹ́ kí obìnrin dá sí i. Tíṣà eré ìdárayá wa rí mi níbi tí mo ti ń dá gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, ó sì mú mi lọ sí pápá kan tí àwọn obìnrin ti ń gbá a nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọ̀gá mi pàdé.

Maureen ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin òyìnbó kúkurú kan ni, ó ń wa bọ́ọ̀sì láàárín ìlú láràárọ̀, ó sì ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Òun náà ti gbá a nígbà èwe rẹ̀, láyé ìgbà tí wọ́n ń fi obìnrin tó bá gbá bọ́ọ̀lù ṣe ẹlẹ́yà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo gbá góòlù wọlé títí ó fi sú mi. Mo rìn lọ bá a, mò ń retí kó yìn mí.

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ ti mọ iṣẹ́. Bọ́ bàtà ẹ̀."

Èdè òyìnbó ló ń sọ o, èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá fún yín. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un sọ. Mo bọ́ bàtà ọ̀tún, ó gbé e sí abẹ́ apá rẹ̀, ó ní kí n lọ máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Ilẹ̀ tutù. Bí mo bá gbàgbé, tí mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kan bọ́ọ̀lù, oró rẹ̀ á dé inú egungun. Bí a ṣe ṣe é fún gbogbo ìgbà òtútù yẹn nìyẹn. Mo máa ń délé, màá ki ẹsẹ̀ bọ inú omi gbígbóná, màá sì máa bú u lábẹ́nú. Nígbà tí òtútù fi lọ, mi ò mọ ẹsẹ̀ tí mo fi ń gbá a mọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí kò sí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ rárá. Ó mú mi dúró tì í lẹ́bàá pápá nígbà tí àwọn àgbà wa ń bá ẹgbẹ́ mìíràn gbá. Ó ní kí n má wo bọ́ọ̀lù. Kí n máa wo striker àwọn ẹni yẹn nìkan.

"Kí ló ń ṣe?"

Mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn dúró."

"Wò ó dáadáa."

Mo tún wò ó. Mo wá rí i pé orí obìnrin náà ń yí: á wo ọ̀tún, á wo òsì, á bojú wẹ̀yìn, á tún bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lọ́nà jíjìn, orí rẹ̀ ò sinmi.

Coach Maureen ní, "Ẹni tó bá dúró kí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó ronú, ó ti pẹ́. Iṣẹ́ ẹ kì í ṣe pé kí o gbá góòlù wọlé, Fúnmi. Dídúró niṣẹ́ ẹ. Góòlù ni èrè dídúró."

Kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pẹ́ dé. Ọjọ́ kan wà tí a máa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú mìíràn. Mo dé kọ́nà àdúgbò, mo rí ọkọ̀ wa tó ń yí padà láti jáde. Mo nawọ́, mo sáré. Mo rí ojú rẹ̀ nínú díńgí ọkọ̀, òun náà rí mi. Kò dúró. Lọ́jọ́ kejì tí mo lọ bá a, ó ní, "Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Tí mo bá dúró de ẹnì kan, gbogbo àwọn tó wà ní bus stop iwájú ni mo fìyà jẹ." Kò tún sọ nǹkan kan mọ́, ó ní kí n lọ bá wọn so àwọ̀n mọ́ góòlù. Títí dòní, Dèjì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé tí party bá jẹ́ aago mẹ́rin, èmi nìkan ni mo máa ń bá wọn níbi tí wọ́n ti ń to àga lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ irinṣẹ́ díẹ̀, torí iṣẹ́ gbogbo ló ní irinṣẹ́. Jersey tí a ń wọ̀ nígbà náà, èyí tí àwọn ọkùnrin ti wọ̀ gbó ni. Apá rẹ̀ á bò wá lọ́wọ́, a ó ká a. Bàtà náà, ti ọkùnrin ni. Ẹsẹ̀ mi kéré, kò sì fẹ̀, mo máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, màá tún fi fóòmù há iwájú. Tí mo bá sáré, ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ yọ̀ nínú bàtà kí bàtà náà tó yọ̀ lórí koríko. A ò mọ̀ pé ó burú. Ohun tí gbogbo wa ń lò ni.

Ọ̀rọ̀ owó kò ní gùn, torí kò sí. Láàárọ̀, mò ń to ọjà sórí shelf ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Nírọ̀lẹ́, mo wà ní pápá. Ọdún ń lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gboyè, wọ́n ń ra ilé. Mummy ò pariwo lé mi lórí, kì í ṣe èèyàn aláriwo. Lọ́jọ́ Sunday kan tí mo dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó jókòó, ó ní, "Fúnmi, a kì í fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè. Ọjọ́ wo lo máa bu irun jẹ?"

Mo ní, "Mummy, ó ń bọ̀."

Ó ní, "Kí ló ń bọ̀?"

Mo bu oúnjẹ sẹ́nu. Mi ò dá a lẹ́bi, nígbà náà tàbí nísinsìnyí. Obìnrin tó ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn láti àárọ̀ kí ọmọ rẹ̀ má baà jìyà, tó wá rí i pé ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìyà lọ sínú òjò, kí ló fẹ́ sọ?

Àmọ́ ó ń bọ̀ lóòótọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo bọ́ọ̀lù obìnrin. Ẹgbẹ́ ńlá kan gba ẹgbẹ́ wa mọ́ra, wọ́n ní láti ìgbà yẹn lọ, ojúlówó iṣẹ́ ló máa jẹ́: a ó máa gbowó oṣù, a ó máa practice láàárọ̀ bíi ti àwọn ọkùnrin. Wọ́n gbé bàtà wá tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ obìnrin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, mò ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ẹsẹ̀. Wọ́n tún gbé vest kan wá tó ní ẹ̀rọ kékeré lẹ́yìn, èyí tó ń sọ bí a ṣe sáré tó. Kámẹ́rà wà lórí òpó. Coach tuntun dé pẹ̀lú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Danny, tablet kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Coach Maureen ò sí nínú ètò náà. Wọ́n ní kò ní ìwé ẹ̀rí tí iṣẹ́ náà ń béèrè báyìí. Wọ́n fún un ní òdòdó, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ó sì padà sídìí bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo máa tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ gan-an ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe inú ìdíje, practice lásán ni. Òjò ti rọ̀ díẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan bọ́ sí ẹ̀yìn defender, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ láti yí sápá òsì. Ara mi yí, ẹsẹ̀ mi ò yí. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn lóòótọ́, mò ń wá ẹni tó gbá mi lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Iṣan tó di inú orúnkún mú ló já. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹgbẹ́ ní àwọn ò ní lé mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé iṣẹ́ náà á dúró ná, kí wọ́n wo bí ẹsẹ̀ ṣe máa jinná. Wọn ò lé mi, wọn ò sì gbà mí. Mo ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.

Mummy di ẹrù rẹ̀, ó wá bá mi nínú yàrá kékeré tí mo háyà. Ó wẹ̀ mí bí ọmọ ọwọ́. Kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rárá. Wọ́n ti fún mi ní eré ìdárayá tí mo ní láti máa ṣe: kí n ká ẹsẹ̀, kí n nà án, kí n tún ká a. Mummy mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ohun tó ń ṣe fún àwọn arúgbó rẹ̀ tó bá ṣubú nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìrora náà pọ̀, mo ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Mo ní, "Mummy, ó ti tó. Mo ti fi í sílẹ̀. Ṣebí ohun tí ẹ ti ń fẹ́ látọjọ́ yìí náà nìyẹn."

Ó jókòó sí etí ibùsùn.

Ó ní, "Mo fẹ́ kí o fi í sílẹ̀, òótọ́ ni, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ ẹnu tìẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde. Mi ò fẹ́ kí orúnkún máa pàṣẹ fún ọmọ mi. Tí o bá máa fi í sílẹ̀, fi ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì rìn lọ bá wọn, kí o wò wọ́n lójú, kí o ní o ò ṣe mọ́. Ó yá, ká ẹsẹ̀."

Mo sunkún. Mo ká a. Ó ń kà á fún mi bó ṣe máa ń kà á níbi iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ kókósẹ̀ mi, kò sì jẹ́ kí n sinmi kí ó tó pé. Ẹ wò ó, ọ̀gá méjì ni mo ní láyé mi. Ọ̀kan fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, èkejì ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, àwọn méjèèjì ló sì kọ́ mi níṣẹ́.

Nígbà tí mo tún lè sáré, mo rí i pé eré mi ti lọ. Ohun tí mo gbójú lé tẹ́lẹ̀ ni pé kò sí defender tó lè bá mi. Ní báyìí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń kọjá mi. Mo pe Coach Maureen. Ó ní kí n wá bá òun ní páàkì ìtòsí ilé òun ní ọjọ́ Sunday.

Jákẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá. Ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí òun, ó sì fi èjìká rẹ̀ tì mí.

Ó ní, "O yára jù tẹ́lẹ̀. Ẹni tó yára, kò pọn dandan fún un kó gbọ́n. Eré sísá ló ń bo àìmọ̀ ẹ. Eré ti lọ báyìí, wá jẹ́ ká kọ́ iṣẹ́."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ẹ̀yìn mọ ibi tí ìwúwo ara defender wà, bí mo ṣe máa jẹ́ kó fi ara tì mí, kí n wá yẹ̀ fún un, kó ṣubú sínú àfo. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n tú u sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí n sì kúrò níbẹ̀. Ó ti dàgbà, ó ń mí hẹlẹ, kò sì gbà kí a dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kan tí a jókòó láti mu tíì, mo bi í pé, "Ṣé inú ń bí yín sí àwọn tó yọ yín kúrò?"

Ó ní, "Inú bí mi. Mo lọ wa bọ́ọ̀sì mi, ó rọ̀ díẹ̀. Ilẹ̀kùn tí mo fi èjìká tì fún gbogbo ọdún yẹn, ẹlòmíràn ló gbà á wọlé. Àmọ́ ó ṣí, Fúnmi. Wọlé."

Mi ò ní gbàgbé Danny náà. Òun ló fi hàn mí lórí tablet pé mò ń fi ẹsẹ̀ òsì nìkan gbé ara mi, pé ẹ̀rù ń bà mí láti tẹ ọ̀tún, mi ò sì mọ̀. Ojú ò lè rí i nínú pápá. Ó jókòó tì mí, a wò ó títí, a sì tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Irinṣẹ́ àtijọ́ dára, tuntun náà dára. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nìkan ló máa ń bú èkejì.

Wọ́n gbà mí. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà òmíràn. Owó tó lè gbé èèyàn ró ni, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Góòlù àkọ́kọ́ tí mo gbá wọlé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù kò lẹ́wà. Ẹnì kan gbá a, ó ba itan mi, ó wọlé. Mo sunkún lórí góòlù itan.

Ìgbà kan ṣoṣo ni Mummy wá wò mí. Ó wọ kóòtù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ìpápánu sínú báàgì. Mo gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé níwájú rẹ̀, tó mọ́ tónítóní, ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá sì gbé fláàgì sókè pé offside ni, góòlù náà ò kà. Dèjì, tí a ò tíì fẹ́ra nígbà náà, ló jókòó tì í. Ó ní Mummy dìde, ó ń bi àwọn òyìnbó tó yí i ká pé, "Kí ni ọmọ mi ṣe fún ọkùnrin yẹn?" Wọ́n ṣàlàyé offside fún un títí, ó ní òun ti gbọ́, ó tún béèrè. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, "Iṣẹ́ ẹ le. Èèyàn á ṣe é, ó máa ṣe é re, wọ́n á tún ní kò ṣe é." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fún mi ní meat pie tó kù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ni ọ̀gbẹlẹ̀. Ó máa ń dé bá gbogbo striker: ọ̀sẹ̀ á tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, góòlù ò ní wọlé. O ò ṣe ohun tó yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù á ba òpó, á ba ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra kí ẹ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìwọ náà á wà nílé, oúnjẹ á wà níwájú ẹ, o ò ní lè gbé e mì. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣe àṣìṣe lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ nínú yàrá. Tiwa, gbogbo èèyàn ló jókòó tí wọ́n ń wò ó. Mo ti sáré padà sí àárín pápá lẹ́yìn tí mo pàdánù òfìfo góòlù tí goalkeeper ò sí níbẹ̀, tí mo ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ariwo tó dunni tó ìmí yẹn.

Ìparí iṣẹ́ mi ò ní ayẹyẹ. Ní eré tó kẹ́yìn, orúkọ mi wà lára àwọn tó máa rọ́pò. Wọ́n ní kí n máa sáré lẹ́bàá pápá kí ara mi gbóná. Mò ń sáré lọ, mò ń sáré bọ̀. Mo bojú wo Danny, òun náà bojú wò mí, eré náà sì le, kò lè fi mí dánwò. Wọ́n fọn fèrè. Bí iṣẹ́ mi ṣe parí nìyẹn: mo wọ jersey, mi ò wọ pápá. Danny wá dì mọ́ mi, ó ní, "Má bínú." Mo ní kò sí ohun tí mo fẹ́ bínú sí. Tó bá jẹ́ èmi ni coach, ohun tí mo máa ṣe náà nìyẹn.

Dèjì ríṣẹ́ ní Calgary, PR wa, ìyẹn ìwé ìgbélùú, jáde, a kó wá. Skyview Ranch ni à ń gbé, ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lórí ilé wa. Ọdún àkọ́kọ́, mo kàn ń wo snow láti ojú fèrèsé basement, mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́. Èèyàn tó ti ń jí látìgbà èwe láti lọ sí practice, tó wá jí lọ́jọ́ kan tí kò sí practice, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá yọ ògiri kan kúrò nínú ilé. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin kan ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ dome, ilé ńlá olórùlé rìbìtì tí snow kì í wọ̀, nítòsí wa, pé wọ́n ń wá coach. Ibẹ̀ ni mo wà láti ìgbà náà.

Nínú àwọn ọmọ náà ni Tèmi wà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Cranston, lódìkejì ìlú, ni wọ́n ń gbé, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní hospital ńlá tó wà lápá ibẹ̀. Tí títì ńlá Deerfoot bá ń yọ̀ pẹ̀lú snow, ìyá yẹn á ṣì fi ọkọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ dé. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì, orí tí kò dúró sójú kan. Mi ò kọ́ ọ, ó bá a wáyé.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ń palẹ̀ mọ́. Ó ní, "Coach, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Tèmi sọ̀rọ̀. Àwọn kan ti wá wò ó láti òkè òkun, wọ́n fẹ́ kó wá fún trial. Àwọn obìnrin ń rí towó ṣe nínú bọ́ọ̀lù báyìí. Ọmọ yìí kàn ń wò mí ni. Tiyín ló máa gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín nínú. Ayé ti yí: ìyá mi fẹ́ kí n kúrò níbẹ̀, ìyá tòní ń bẹ̀ mí kí n fa ọmọ rẹ̀ wọlé. Inú mi sì dùn, mi ò ní purọ́. Mo ti ń ro ẹni tí mo máa pè ní England fún un.

Èmi àti Tèmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Mummy ẹ ní kí n bá ẹ sọ̀rọ̀."

Ó ní, "I know, Coach." Ó ń fa okùn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Can I be honest?"

"Sọ ọ́."

"I don't want it. I want to be a paramedic. Mo ti sọ fún Mummy, she thinks I'm scared." Ó wò mí lójú wàyí. "I'm not scared. I love this, Coach. I just don't want it to be my job."

Ohun kan dùn mí níbi tí mi ò mọ̀ pé ó ṣì lè dùn mí. Mo rí gbogbo ohun tí ọmọ yẹn lè ṣe tí kò ní ṣe. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó lọ gbìyànjú ọdún kan. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Mo wá rò ó pé ẹni tó jókòó tì mí yìí ti mọ ohun tó fẹ́, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láìsí orúnkún tó já, láìsí ẹni tó lé e.

Mo ní, "Ó dáa. Èmi á bá Mummy ẹ sọ ọ́."

A sọ ọ́ ní parking lot, nínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀, heater ń ṣiṣẹ́. Ìyá náà gbọ́, kò fẹ́ gbà.

Ó ní, "Coach, ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún un ńkọ́? Ta ló máa lò ó?"

Mo ní, "Òun ló ń lò ó. Gbogbo Saturday ló ń lò ó lójú yín. Mo ṣe iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò kábàámọ̀. Àmọ́ ẹni tí kò bá lè ṣe láìṣe é ni ó wà fún. Tèmi lè ṣe láìṣe é. Ẹ jẹ́ kó lọ gba ẹ̀mí là."

Ìyá náà ń wo snow tó ń bọ́ sórí gíláàsì. Ó ní, "Èmi tí mo ń ṣe night shift, mo fẹ́ kó rí ohun tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ni."

Mo ní, "Mo mọ̀, Mummy Tèmi. Bọ́ọ̀lù kò rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó di ọwọ́ mi mú díẹ̀, ó sì ní òun á bá bàbá Tèmi sọ ọ́.

Wọ́n wá ní Saturday tó tẹ̀ lé e. Ìyá jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí itan. Láàárín eré, ẹnì kan tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún Tèmi, goalkeeper ti ṣubú, òfìfo góòlù ló wà níwájú rẹ̀. Ó gbá a, ó gba òkè lọ, ó lọ ba òrùlé dome. Tèmi di orí mú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, goalkeeper náà ń rẹ́rìn-ín.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Ní gbogbo ọdún tí mo fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun, mi ò rẹ́rìn-ín rí nígbà tí mo bá pàdánù góòlù.